Ọwọ́ Òsì Panẹ́bítà

Ọkùnrin kan wà ní ìkángun ìlú Iléṣà, níbi tí ọ̀nà ti kọrí sí Àkúrẹ́. Iṣẹ́ panẹ́bítà ló ń ṣe. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò sí ohun tó rú u lójú tó fẹ́ńdà ọkọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí. Ọ̀rọ̀ tìrẹ tí o gbé wá, mo ti gbọ́ ọ. Fi í sílẹ̀ ná, kí o kọ́kọ́ gbọ́ ti ọkùnrin yìí.

Kì í ṣe gbogbo panẹ́bítà ló ń ṣe irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, wọn á fa ibi tó wọlé síta, wọn á po pọ́tì, wọn á fi dí gbogbo kòtò ara rẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ògiri, wọn á fi sánpépà ha á, ó parí. Ọkùnrin yìí kì í fọwọ́ kan pọ́tì. Ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń gbé wá bá a, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe irú rẹ̀ mọ́, tí o kò lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà lọ́jà bí o tilẹ̀ gbé àpò owó lọ. Yóò gé irin pẹlẹbẹ, yóò gbé e lé orí àpò awọ tí wọ́n rọ iyanrìn kún, yóò sì máa fi òòlù igi lù ú díẹ̀díẹ̀ títí irin náà yóò fi tẹ̀, tí yóò yọ ikùn, tí yóò wá jọ èyí tí ìpáàrà jẹ gan-an. Lẹ́yìn náà ni òòlù irin yóò kàn. Ọwọ́ ọ̀tún yóò máa lù lókè. Ọwọ́ òsì yóò fi àkísà wé irin kékeré kan tó rí bí ọṣẹ, yóò tì í bọ abẹ́, yóò fi gbè é, kí ìlù òkè lè rí nǹkan bá pàdé. Báyìí ni yóò máa ṣe é títí ara irin yóò fi jọ̀lọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá a ṣiṣẹ́. Jìmọ́ọ̀ lorúkọ rẹ̀, péńtà ni. Bí panẹ́bítà bá lu irin tán, Jìmọ́ọ̀ ni yóò kùn ún lọ́dà. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án. Bí iṣẹ́ bá gba Jìmọ́ọ̀ lọ́kàn tí àkókò ìrun fẹ́ kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò pariwo pé, "Àlùfáà, omi wà nínú búútà o!" Panẹ́bítà kò ní ọmọ ìyá lọ́kùnrin. Jìmọ́ọ̀ yìí ni gbogbo èèyàn tó ní. Fi èyí sọ́kàn, nítorí òun gan-an lohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kì í ṣe ọkọ̀.

Nínú oṣù kẹta ọdún ni Ìyá Agbẹ̀bí gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Obìnrin náà ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Òun ló gbẹ̀bí ìdajì àwọn tó ń pariwo kiri ìlú lónìí, òun náà ló sì gbẹ̀bí panẹ́bítà. Ọkọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí a ń pè ní Ìjàpá, dúdú, tó ṣe rìbìtì níwájú, tó ṣe rìbìtì lẹ́yìn. Òun ni ìyá yìí máa ń wà lọ sí àwọn abúlé nígbà tí ọmọ bá ń rọbí, ní ọ̀nà tí alùpùpù pàápàá ń bẹ̀rù. Ìpáàrà ti jẹ fẹ́ńdà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, irin tó bo táyà, ó ti lu jára bí asẹ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, ojú mi ti ń ṣú. Dókítà ní tí ọdún yìí bá ti parí, n kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Mo fẹ́ wa eléyìí lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Má fi pọ́tì tàn mí o. Kó dúdú, kó dán, bí mo ṣe rà á."

Panẹ́bítà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi lu fẹ́ńdà náà. Nígbà tó parí, ó ṣe ohun tí àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń ṣe. Ó dijú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa irin náà lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irin tí a kò tíì kùn kì í sọ àṣírí ara rẹ̀ fún ojú. Ibi tó fi díẹ̀ ga, ibi tó fi díẹ̀ wọlé, ọwọ́ nìkan ló ń rí i. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi pa á lára. Kò rí òkè, kò rí kòtò. Ó lanu rẹ́rìn-ín, ó ní ó tán.

Jìmọ́ọ̀ kùn ún. Ọ̀dà dúdú tó ń dán kì í bá ẹnikẹ́ni bo nǹkan mọ́lẹ̀, àwọn péńtà mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tó gbẹ, wọ́n ti ọkọ̀ náà síta. Òpó iná kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, òpó náà dúró ṣánṣán. Bí wọ́n ṣe wò ó lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró ṣánṣán. Bí wọ́n ṣe wò ó lára ilẹ̀kùn, ó dúró ṣánṣán. Lára fẹ́ńdà tuntun, òpó náà ń wọ́ lọ sókè bí ejò.

Jìmọ́ọ̀ wò ó lápá ibí, ó wò ó lápá ọ̀hún. Ó ní, "Ọ̀gá, ó ní òkè, ó ní ilẹ̀. Ẹ tún fọwọ́ bà á wò."

Panẹ́bítà tún fọwọ́ bà á. Ó dán. Ó wo òpó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wo òpó tó wà nínú ọ̀dà, ó tún yíjú padà wo ti ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé ó lè ká a mọ́ ibi tó ti ń jó. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e rárá.

Ohun tí kò bá yé èèyàn, ó máa ń tètè wá ẹni tí yóò dì í lé lórí. Orí yeye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Ọ̀dà ni panẹ́bítà kọ́kọ́ mú. Ó ní ọ̀dà náà ki jù. Jìmọ́ọ̀ kò jiyàn. Ó fọ gbogbo ọ̀dà náà kúrò, iṣẹ́ ọjọ́ méjì gbáko, ó sì lọ ra òmíràn ní ìsọ̀ mìíràn.

Panẹ́bítà padà sídìí òòlù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ ibi tí yóò lù. Ibi tó bá fọwọ́ kàn, ó dán. Bẹ́ẹ̀ ìrísí òpó yẹn kò kúrò lójú rẹ̀. Ó wá ń lu gbogbo rẹ̀ káàkiri, ó ń fi ọkàn ro ibi tí àléébù wà. O mọ̀ pé bí a bá ń lu irin, ńṣe ló ń fẹ̀. Èyí tó bá fẹ̀ kò rí ibi gbà, yóò wú síta tàbí kó rì sínú. Bó ti ń wo èyí sàn bẹ́ẹ̀ ló ń dá òmíràn sílẹ̀, kò sì mọ̀. Ó mú okùn wọ̀n ọ́n. Ó gé páálí bá ìrísí fẹ́ńdà òdìkejì mu, ó yí i padà, ó gbé e lé èyí tuntun. Ó bá a mu, kò bá a mu. Ó kù sí bó bá ṣe gbé orí wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí irin náà pé kì í ṣe ojúlówó. Ó fura sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fura sí panẹ́bítà mìíràn kan ní òdìkejì títì, tí kò ṣe é ní nǹkan kan rí ju pé ó kí i káàárọ̀.

Nígbà tó sú u, ó ké sí pásítọ̀ rẹ̀. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó sì da òróró sára fẹ́ńdà. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kò mọ òróró àdúrà yàtọ̀ sí òróró àkàrà, kò sí èyí tó lè lẹ̀ mọ́ nínú méjèèjì. Odindi ọ̀sán ọjọ́ kan ni Jìmọ́ọ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí fi ń fi bẹntiróò nu òróró pásítọ̀ kúrò, kò sì sọ ju "Láílà" lọ.

Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tì í síta. Òpó iná tó ń wọ́ bí ejò tẹ́lẹ̀ ti wá dá sí méjì láàárín.

Àwọn méjèèjì dúró tì í, wọ́n ń wò ó. Jìmọ́ọ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ tèmi bà á wò kí ẹ tó tún un lù."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ omi tútù sí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan rú lójú, tí ojú sì ń tì, etí rẹ̀ kì í gbọ́ ohun tí a sọ. Ohun tí panẹ́bítà gbọ́ ni pé ọwọ́ òun kò dára mọ́. Ara rẹ̀ bù máṣọ.

"Láti ìgbà wo ni péńtà ti ń kọ́ panẹ́bítà níṣẹ́? Ọ̀dà lo mọ̀, ọ̀dà náà, o ò mọ̀ ọ́n tán. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi bo àṣírí rẹ!"

Ẹyin lohùn. Jìmọ́ọ̀ gbé ẹ̀rọ tó fi ń fọ́n ọ̀dà, ó fi bẹntiróò fọ̀ ọ́ mọ́, ó fi aṣọ wé e. Ó ká ẹní ìrun rẹ̀. Ó mú búútà rẹ̀. Ó bọ́ sọ́nà, kò sì wẹ̀yìn. Abọ́ tí wọ́n ti jọ jẹ ẹ̀wà tán lọ́sàn-án ọjọ́ náà wà lórí àga, ṣíbí méjì wà nínú rẹ̀.

Má rò pé inú panẹ́bítà kò bàjẹ́. Ó bàjẹ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í léèrè lọ́sẹ̀ yẹn pé kí ló fà á tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi lọ, yóò sọ fún ọ pé òun kò mọ̀. Ó ní òun kò na ìka sí i. Ó ní òótọ́ lásán lòun sọ, àti pé Jìmọ́ọ̀ ti máa ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló wá dé lọ́tẹ̀ yìí? Lọ́sàn-án, yóò ra ẹ̀wà bó ṣe máa ń rà á, ti ẹni méjì. Yóò jẹ ìdajì. Yóò jókòó ti ìdajì tó kù, yóò máa wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ òun dán, ọ̀dà sọ pé kò dán. Ọkàn rẹ̀ sọ pé òun ṣe dáadáa sí ọ̀rẹ́ òun, àyè ọ̀rẹ́ sì ṣófo. Ó dà bíi pé gbogbo ohun tó mọ̀ ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ para pọ̀ láti máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Oṣù kọkànlá dé. Ìyá Agbẹ̀bí fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí táyà kan, ó ń wo panẹ́bítà bó ṣe dijú tó ń pa fẹ́ńdà lára. Ìyá yìí ti wo ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jẹ̀rora láyé rẹ̀, kì í sì kánjú dá wọn lẹ́nu.

Panẹ́bítà lajú, ó rí i, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ gbé ọkọ̀ yín. Ẹ máa gbé e lọ bá ẹlòmíràn kí ọdún tó parí. Ó rú mi lójú. Ọwọ́ mi ní ó dán, ọ̀dà ní kò dán, n kò mọ èyí tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì."

Ìyá ní, "Ọwọ́ wo?"

Ìbéèrè náà tún rú u lójú. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i. Ìyá gbà á, ó yí àtẹ́lẹwọ́ náà sókè, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó le bí èèpo igi ọsàn. Òòlù ọgbọ̀n ọdún ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì fura. Ìyá fa irun funfun kan tu ní orí ara rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ó dijú kí ó fọwọ́ wá a. Ó wá a lọ, ó wá a bọ̀, ó kọjá lórí irun náà nígbà mẹ́ta. Ó ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ọwọ́ kejì dà?"

Panẹ́bítà fà á sẹ́yìn. "Ìyá, ọwọ́ òsì nìyẹn. Ọkọ̀ yín ni kí n fi ọwọ́ òsì kàn? Ẹ̀yin tí ẹ gbẹ̀bí mi?"

Èyí ni ibi tí kókó ọ̀rọ̀ náà so sí. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni panẹ́bítà nígbà tó fi òsì gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá bàbá rẹ̀. Ìyá náà gbá ọwọ́ náà títí ẹ̀kọ fi já bọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò fi òsì gba nǹkan, kò fi fún èèyàn ní nǹkan, kò sì jẹ́ fi kan ohun oníbàárà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò fara kan òkè ọkọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Abẹ́ ni í wà, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú àkísà, ibẹ̀ ló ti ń gbe gbogbo ìlù tí ọ̀tún ń lù. Ọwọ́ tó ń lù náà ló fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Ó pè é ní ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ ni, lóòótọ́. Ta ni yóò bá a wí?

Ìyá Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní, "Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí o ń bọ̀ wáyé, o fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ìyá rẹ. Ọwọ́ òsì yìí ni mo fi gbọ́ ibi tí orí rẹ wà. Ọ̀tún ń tì, òsì ń gbọ́. Ọwọ́ tó bá ń ti nǹkan kì í gbọ́ nǹkan. Bó bá jẹ́ pé ọ̀wọ̀ ni mo ń ṣe fún ọ ni, o ò bá má dé. Ó yá, fọwọ́ kàn án."

Ó ní, "Ẹ má bínú o, Ìyá. Ẹ fọwọ́ òsì jì mí." Ó dijú. Ó na ọwọ́ náà jáde bí ẹni tó fẹ́ jalè. Irun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ bá pàdé, ó sì gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fi òwú dábùú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé fẹ́ńdà.

Òkè lókè, kòtò ní kòtò. Ó fa ọwọ́ yọ bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ó tún dá a padà. Ọwọ́ náà ń sọ fún un: ibí yìí wú, ibí yìí rì, ibí yìí wú. Èyí tó tilẹ̀ yà á lẹ́nu jù ni pé ó dá àwọn kòtò náà mọ̀. Ibi tó ti lù jù ni. Ibi tó ti ń fi gbogbo ọkàn rẹ̀ tún ṣe láti oṣù kẹrin, ibẹ̀ gan-an ló bàjẹ́ jù. Ṣé òun ló ṣe gbogbo èyí? Òun kọ́ ló ṣe é? Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo àwọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bíi pé èèyàn kan ló wá gbé wọn fún un pa mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Jìmọ́ọ̀ padà sí i létí. *Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ tèmi bà á wò.* Ọwọ́ péńtà kì í di òòlù mú. Ọdún méjìlélógún ni ọwọ́ tó ń gbọ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan rí. Ojú tì í níwájú ìyá arúgbó náà débi pé kò lè gbé orí sókè.

Ìyá ní, "Ọkọ̀ mi lè dúró. Lọ síbi tí ò ń lọ."

Ó bá Jìmọ́ọ̀ lọ́dọ̀ wẹ́dà kan tó ń fi iná jó irin lójú ọ̀nà Ìbòdì, ó ń kun géètì. Panẹ́bítà ti to ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ pòórá. Ó ní, "Jìmọ́ọ̀, ọ̀dà rẹ kò jẹ̀bi. Ọwọ́ mi ló dití. Mo ti lu ohun tó dára bàjẹ́, mo wá ń bínú sí ẹni tó sọ fún mi. Jọ̀wọ́, wá bá mi fọwọ́ bà á kí n tó tún sọ pé ó tán."

Jìmọ́ọ̀ kò dá iṣẹ́ dúró. Ó kun géètì náà dé ìsàlẹ̀, ó lọ sí apá kejì, ó kun òun náà. Panẹ́bítà dúró nínú oòrùn, kò mọ̀ bóyá wọ́n ti lé òun tàbí wọn kò tíì lé òun. Ìgbà tí géètì tán, Jìmọ́ọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ń bá yín jẹ ẹ̀wà?"

"Ìdajì rẹ̀ ń ṣòfò."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, búútà ti padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Panẹ́bítà gé irin tuntun. Èyí tó wà ńlẹ̀ kò ṣe é wò sàn mọ́. Ọ̀tún ń lù, òsì ń jáde lábẹ́ ní ìgbà dé ìgbà láti wá gbọ́. Ìlù rẹ̀ dín kù sí ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òsì sọ pé ó tó, ó pe Jìmọ́ọ̀. Jìmọ́ọ̀ dijú, ó fọwọ́ pa irin lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúró níbì kan lẹ́bàá iná iwájú.

"Ọ̀gá, ó ku ibì kan."

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ru sókè dé ọ̀nà ọ̀fun panẹ́bítà. *Láti ìgbà wo ni péńtà…* Òsì rẹ̀ ti kọjá níbẹ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Kò yé e. Mo fẹ́ kí o mọ̀ dáadáa pé kò yé e, títí dòní olónìí ni ó ń sọ pé kò yé òun bí Jìmọ́ọ̀ ṣe rí ibẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó mú òòlù.

Ó ní, "Níbo?"

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ọdún, Ìyá Agbẹ̀bí gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó yí ọkọ̀ náà ká, ó ń sún mọ́ ọn nítorí ojú rẹ̀. Òpó iná dúró ṣánṣán lára fẹ́ńdà. Ó wọnú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó wà á gba àárín ìlú kọjá, ó ń fọn fèrè fún àwọn àgbàlagbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé jáde.

Ó tó. Ó kàn ọ́ wàyí.

O wọlé wá bá mi láàárọ̀ yìí, o ní ìyàwó rẹ ti kó lọ sílé ìyá rẹ̀. O ní àwọn ọmọ rẹ ń dákẹ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ. O ní o wo ilé rẹ yíká, kò sí ibi tó wọ́, o kò mọ ohun tí o ṣe. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ẹni tó ń purọ́ kì í sunkún bí o ṣe sunkún. Ó rú ọ lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wo lo fi bà á wò? Ẹnu tí o fi ń pàṣẹ nínú ilé, òun náà lo fi bi wọ́n pé ṣé kò sí nǹkan. Wọ́n ní kò sí, o sì ní ó dán. Ìlù tí o rò pé o fi ń tún wọn ṣe, ta ni o bi léèrè ibi tó ń bọ́ sí?

Àkọ́bí rẹ obìnrin wà nílé báyìí, èyí tí o máa ń sọ fún pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Òun ló ti ń gbe gbogbo rẹ̀ lábẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Kí o tó lọ bá ìyàwó rẹ, kí o tó ní kí n bá ọ rán àwọn àgbà lọ, lọ jókòó ti ọmọ yẹn. Di ojú rẹ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bi í bí ilé rẹ ṣe rí. Yóò kọ́kọ́ ní ó dára, nítorí ó ń bẹ̀rù rẹ. Dúró. Bó bá wá sọ fún ọ pé ibì kan rì, inú yóò bí ọ, ọ̀rọ̀ yóò ru dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní yé ọ. Gbé e mì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó jáde lẹ́nu rẹ: "Níbo?"